Ìrìn-Àjò Wa Lọ Wo Ẹyẹ, àti Ọ̀rọ̀ Igún

  Àwọn tí ó ń ṣètò ìwé ọdọọdún yìí ní kí àwa náà fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí tàbí ọ̀rọ̀ nípa èdè Lárúbáwá ni a máa ń kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí ojú wa rí lórí àpáta ní Abẹ́òkúta àti nínú igbó kan ní Ìbàdàn ni a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni ó bá wí.

Ó ti lé ní 20 ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Kò sí ọdún kan tí a kì í kọ́ wọn ní orúkọ àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú Kùránì Alápọ̀nlé. Bí a bá dé Sūratul Mā'ida, a ó sọ ìtàn kánnákánná tí Ọlọ́hun rán láti fi bí a ṣe ń sin òkú han ọmọ Ànábì Ádámọ̀. Bí a bá dé Sūratun Naml, a ó sọ ti hudhud, ìránṣẹ́ Ànábì Sulaimọ́n, tí ó mú ìròyìn ìlú Saba wá. A máa ń fi ẹfun ya hudhud sí ojú pátákó. Àwòrán tí a ń yà yìí jọ àkùkọ adìẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní "àkùkọ Ànábì Sulaimọ́n". Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta dìde, ó ní, "Ààfáà, níbo ni ènìyàn ti lè rí hudhud? Ṣé ó máa ń wá sí Ọ̀tà?" A kò mọ ìdáhùn. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ó jókòó, kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ó hàn.

Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Ariwo tírélà láti òwúrọ̀ di alẹ́, èéfín ilé-iṣẹ́ ńlá, jẹnẹrétọ̀ ní ojúlé sí ojúlé, èrò abẹ́ afárá Ṣàngó tí kò ní òpin. Ta ni ó ń gbé ojú sókè wo ẹyẹ? Lékeléke tí ó wà lórí ààtàn, ẹyẹlé tí ó wà lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí, àti ẹ̀gà tí ó ń pariwo lórí igi ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé-kéwú, àwọn yẹn nìkan ni a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gà yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ ọdún 12 ni. Ó fi rọ́bà ta ẹ̀gà kan bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀pẹ yẹn ní àkókò ìsinmi. A pè é, a nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo kíláàsì, a sì sọ ìtàn àwọn sàábé tí wọ́n kó ọmọ ẹyẹ kan nínú ìrìn-àjò, tí ìyá ẹyẹ náà ń fò rábàbà lórí wọn, tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Àwọn olùkọ́ yòókù ní a ṣe dáadáa. Àwa náà rò pé a ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọmọ yìí, a ó padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi oṣù Disẹ́ńbà súnmọ́, a dá a lábàá ní ìpàdé àwọn olùkọ́ pé kí a kó àwọn ọmọ kíláàsì gíga lọ wo ẹyẹ, kí a sì wá ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ nípa ẹyẹ láti máa fi ọ̀nà hàn wá. Àwọn òbí kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, "Ààfáà, ẹyẹ náà ni a ó san owó ọkọ̀ lọ wò? Adìẹ mẹ́fà wà nílé wa." Bàbá kan bèèrè bóyá ẹyẹ yóò jáde nínú ìdánwò. A dá wọn lóhùn pé nínú Sūratul Mulk, Ọlọ́hun bi wá bóyá a kò wo àwọn ẹyẹ tí ó wà lókè wa, bí wọ́n ṣe ń na ìyẹ́ tí wọ́n sì ń pa á pọ̀. Ẹni tí ó ń ka ìbéèrè yìí lójoojúmọ́ tí kò sì wòkè rí, kí ni yóò fi dáhùn? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú nìyẹn. Ọmọ 14 àti olùkọ́ mẹ́ta ni ó lọ, ọmọ onírọ́bà yẹn sì wà nínú wọn.

A kírun Àsùbáà, a sì gbéra. Bọ́ọ̀sì wa gba Ifọ̀, Pápálàńtò àti Ìtórí dé Abẹ́òkúta, níbi tí afinimọ̀nà wa ti ń dúró dè wá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Àpáta Olúmọ ni ó kọ́kọ́ mú wa gùn, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ààbò nígbà tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní ọdún 1830. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti funfun. Nígbà tí a dé òkè, àwa àgbà ń mí hẹlẹ, àwọn ọmọ ń sáré. Afinimọ̀nà ní kí a jókòó, kí a má wo ìlú, kí a wo ojú ọ̀run tí ó wà láàárín àwa àti ìlú.

Ní ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí a kò rí rí láti ìgbà tí a ti dáyé: a rí ẹ̀yìn àwòdì. Láti ilẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń wo àwòdì, abẹ́ rẹ̀ nìkan ni a mọ̀. Lórí àpáta yìí, nísàlẹ̀ wa ni ó ti ń rábàbà, a rí bí ó ṣe ń fi ìrù yí ọ̀nà padà bí ẹni fi àjẹ̀ tukọ̀. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ń fò kọjá bí ọfà. Afinimọ̀nà sọ fún wa pé àwọn kan wà nínú ìran alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pa ọmọ ní Yúróòpù, tí wọ́n sì ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ wa bí òtútù bá dé lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1911, ọkùnrin kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òrùka kékeré sí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ó ní ní àwọn òkè Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún wọn ni ó ń wá sùn sí ibì kan ṣoṣo. Ẹyẹ tí kò wúwo tó lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́! Ọmọ kan sọ pé, "Ààfáà, kò ní ìwé ìrìnnà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Láti Abẹ́òkúta, a kọjá sí Ìbàdàn. Ilé-kéwú ọ̀rẹ́ wa kan ní agbègbè Ọ̀jọ́ọ̀ ni a sùn sí. Igbó tí a ń lọ wà nínú ọgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Àgbáyé tí a ń pè ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ọgbà náà tó 1,000 hẹ́kítà, igbó tí wọ́n dá sí nínú rẹ̀ sì tó 350 hẹ́kítà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti dé ẹnu igbó. Afinimọ̀nà wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwa olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jàlábíà funfun ni a wọ̀, pẹ̀lú fìlà funfun. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin Ààfáà, ẹyẹ ń rí àwọ̀ ju ènìyàn lọ. Bí ẹ ṣe wọṣọ yìí, wọn yóò ti gbọ́ ìròyìn yín kí ẹ tó wọlé." Bí a ṣe lọ yá ẹ̀wù àwọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì gíga nìyẹn, tí a sì fi wọ igbó. Ó pa àṣẹ mẹ́ta: kí a má sọ̀rọ̀, kí a má na ọwọ́ sókè lójijì, kí etí wa ṣíwájú ojú wa.

Àṣẹ kẹta yìí wọ̀ wá lára. Bí a ṣe ń kọ́ kéwú gan-an nìyẹn. Ọmọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ààfáà rẹ̀, yóò máa gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ó tó dá lẹ́tà mọ̀ lójú wàláà. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, a kò rí nǹkankan, igbó ṣú. Ṣùgbọ́n a gbọ́ àkókó tí ó ń gbá igi, a gbọ́ àdàbà, a gbọ́ ẹlúlùú nísàlẹ̀, a sì gbọ́ ìró kan lókè orí wa bí ìgbà tí ènìyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ iná. Ìyẹ́ atíálá ni, ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá. Afinimọ̀nà sọ fún wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, inú ihò igi ni ó ń wọ̀, wọn yóò sì dí ẹnu ihò náà títí yóò fi ku ojú tóóró. Ojú tóóró yìí ni akọ ń gbà gbé oúnjẹ fún abo àti àwọn ọmọ. Bí ọdẹ bá pa akọ yẹn, ẹbí kan ni ó pa.

Nígbà tí oòrùn wọ inú igbó, a rí ọ̀kan nínú ìdílé agbe àti àlùkò. Ara rẹ̀ tutù bí ewé, a kò mọ̀ pé ẹyẹ ni. Àfi ìgbà tí ó na ìyẹ́ tí pupa fọ́n jáde nínú rẹ̀ bí ẹni ṣí ìdì aṣọ òfì. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé osùn ni ti àlùkò, a rò pé ọ̀rọ̀ ewì lásán ni. Afinimọ̀nà ní pupa yẹn, bàbà gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná, àti pé a kò rí irú rẹ̀ nínú ìyẹ́ ìdílé ẹyẹ mìíràn.

Ẹyẹ tí ó tìtorí rẹ̀ mú wa wá gan-an ni ẹ̀gà igbó kan, dúdú, tí orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Elgood tí ó ń kọ́ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ní Ìbàdàn nígbà náà ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Kò sí ibòmíràn nínú ayé tí ó wà àfi apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín, ilé tiwa, ó sì wà nínú àwọn tí ó fẹ́ parun. A dúró ju wákàtí kan lọ. A rí ìbátan rẹ̀ kan, a kò rí òun. Inú àwọn ọmọ bàjẹ́. Afinimọ̀nà ní kí a má kánjú; púpọ̀ nínú igbó yìí, oko ni tẹ́lẹ̀, ó di igbó padà nítorí pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ lè padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó bá ti tán pátápátá.

Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi láti jẹun ni ó wá bèèrè pé, "Ta ni ó ti rí igún nínú yín?" Nínú ọmọ 14, ẹnìkankan kò nawọ́. Ọmọ kan tilẹ̀ bèèrè bóyá igún ṣì wà, tàbí inú òwe nìkan ni. Àwa olùkọ́ ni a nawọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ilé ìpẹran tí igún kì í pé lé lórí. A kò mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ pé níbo ni wọ́n wà.

Ó ṣàlàyé fún wa. Igún ni olùgbálẹ̀ tí kò gba owó oṣù. Ó ń jẹ òkú ẹran kí ó tó rà, agbára ikùn rẹ̀ sì ń pa kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti àwọn ọdún 1990, oògùn kan tí wọ́n ń fún màlúù pa àwọn igún wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkú màlúù wá di ti ajá ìgboro, ajá pọ̀ sí i. Ní ọdún 2006 ni wọ́n tó fi òfin de oògùn náà fún ẹran. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹyin kan ṣoṣo ni igún tí a mọ̀ ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé IUCN kọ orúkọ rẹ̀ sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parun nínú igbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 1,500 tí ó kú ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau nítorí májèlé. Ó wá ní, "Ní Nàìjíríà, ọjà ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n ń fi ṣe àwúre àti oògùn." Kò wo ojú ẹnìkankan nígbà tí ó sọ ọ́.

Ọmọ onírọ́bà yẹn ni ó dìde. Ó ní, "Àwọn wo ni ó ń rà á?"

Ilẹ̀ dákẹ́. Olùkọ́ kan ní àkókò ìrun Ayílà ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó, inú wa sì dùn sí i ju bí ó ti yẹ lọ. A ṣe àlùwàlá, a kírun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sálámà tán, ìbéèrè ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀. A ní kí gbogbo wọn jókòó.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a sọ fún wọn nìyí. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 19, a ń sin ọ̀gá kan ní ìlú mìíràn. Àwọn oníṣòwò máa ń wá bá ọ̀gá wa fún àwúre. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọ̀gá rán wa lọ sọ́jà ní ọdún kan láti ra orí igún. A ń rà á, a ń dì í sínú bébà, a ń jó o pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn, a ń lọ̀ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá ọlọ́jà sọ pé owó rẹ̀ ti gun òkè nítorí pé wọn kò rí i pa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. A dúnàá dúrà, a san owó, a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Sūratul An'ām ni a ń kà, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ tí ń fi ìyẹ́ fò. A ka ibẹ̀ dáadáa, a kò ṣi ohùn kan kà. Kò sí ohun tí ó wọ inú wa.

A wá pe ọmọ náà. A ní, "Ẹgba mẹ́fà ni a nà ọ́ nítorí ẹ̀gà kan. Orí igún mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn tiwa, ẹnikẹ́ni kò nà wá. Àṣìṣe ni ohun tí o ṣe, ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni ó yẹ kí a gbé ẹgba yẹn. Fi orí jì wá." Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé gbígbẹ, ó ní, "Ẹ má bínú, Ààfáà," bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀. A gbé e dìde.

Nínú ọkọ̀, olùkọ́ kan bá wa wí. Ó ní ohun tí Ọlọ́hun bò fún ẹrú Rẹ̀, kí ẹrú náà má ṣí i, àti pé ọmọ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó bá tú àṣírí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, a rò ó títí a fi dé Ṣàngó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwa nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ sí, à bá dákẹ́. Ọjà náà ṣì ń ná. Àwọn kan tí ó ń pe ara wọn ní ààfáà ṣì wà tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí ibẹ̀, àwọn kan nínú jàmáà sì ń gbé owó fún wọn. Bí àwa tí a ti rìn ní ọ̀nà náà bá dákẹ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Láti oṣù Jánúárì, àwọn ọmọ ti ní ìwé kan ní kíláàsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí wọ́n bá rí tàbí tí wọ́n gbọ́ ní àyíká ilé-kéwú, ní Yorùbá àti ní Lárúbáwá. Wọ́n ti kọ 19. Ọmọ onírọ́bà ni akọ̀wé wọn, etí rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ. A sì ti fún ọmọbìnrin kíláàsì kẹta ní ìdáhùn rẹ̀: hudhud wà ní Nàìjíríà, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó fẹ́, kì í ṣe igbó, adé orí rẹ̀ sì máa ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀. A tún un yà, kò jọ àkùkọ mọ́. A tún sọ fún wọn pé kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń ṣe: al-Jāḥiẓ tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 868 kọ ìwé ńlá nípa ẹranko àti ẹyẹ, ad-Damīrī tí ó kú ní ọdún 1405 sì to tirẹ̀ ní a, b, d. Àwọn àgbà onímọ̀ tiwa ni wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó orí igún wá kí ọjà yín lè tà, ẹ bi í pé orí ta ni yóò kàn bí ti igún bá tán. Ẹ̀yin ọmọ wa, ojú ewé kan ṣì ṣófo nínú ìwé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a kọ "igún" sókè rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i, ì báà jẹ́ lórí ààtàn, kí ó sáré wá pè wá, bí a tilẹ̀ ń kọ́ni lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó sì jẹ́ kí ohun tí a ń kà lẹ́nu wọ inú ọkàn wa. Àmín. Wassalāmu alaykum.